Ẹ́ńjìnì M50 inú BMW 525i: láti títú palẹ̀ títí dé lítà 2.8

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ló ta mọ́tò yìí fún mi. BMW 525i ni, E34 (orúkọ tí BMW fún ìran mọ́tò yìí), ọdún 1991, jíà ọlọ́wọ́. Ara rẹ̀ mọ́, ìjókòó rẹ̀ kò ya, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ṣíná sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èéfín funfun bo gbogbo àgbàlá ṣọ́ọ̀bù mi. Bàbá náà kò fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù rẹ̀ láàárín ọdún méjì, lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí èyí tó lo oṣù mẹ́sàn-án. Ìdí tí mo fi rà á gan-an nìyẹn. Gáskẹ́ẹ̀tì kì í jó lẹ́ẹ̀mẹta lásán. Nǹkan kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀n.

M50B25 ni orúkọ ẹ́ńjìnì náà. Ọdún 1990 ni BMW gbé e jáde láti gba ipò ẹ́ńjìnì M20 tó ń lo bẹ́líìtì fún kámù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù. Ṣéènì ni M50 ń lò, kámù méjì ló wà lórí rẹ̀, fáàfù 24, púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan sì ní kọ́ìlì tirẹ̀. Irin ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, àlúmíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù tó bo orí rẹ̀, agbára ẹṣin 192 ló sì ń mú jáde. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò lẹ́yìn ara wọn. Bí písítìnì kìíní bá ń gòkè, ẹ̀kẹfà ń bá a gòkè. Ìkejì àti ìkarùn-ún jọ ń rìn, ìkẹta àti ìkẹrin jọ ń rìn. Ohun tí èyí bá fẹ́ mì, tọ̀hún á ti mú un dúró. Ẹni tó bá ti wa ẹ́ńjìnì mẹ́fà títò tó péye rí, tó wá padà sórí onísílíńdà mẹ́rin, yóò mọ ohun tí mò ń wí.

Sátidé àkọ́kọ́

Kí n tó tú nǹkan kan, mo wọn ìfúnpọ̀ sílíńdà. A yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo fa rìlée pọ́ǹpù epo kúrò kí epo má baà máa tú sínú, ọmọ iṣẹ́ mi tẹ asẹ́lérétọ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, ó sì ń kíìkì ẹ́ńjìnì bí mo ṣe ń ka gééjì. Ìkíní PSI 170, ìkejì 168, ìkẹta 172, ìkẹrin 165. Ìkarùn-ún 95. Ìkẹfà 90.

Bí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá jọ wálẹ̀ báyìí, àárín wọn ni gáskẹ́ẹ̀tì ti jó. Ṣùgbọ́n mo ṣì bu ọ́ìlì díẹ̀ sínú àwọn méjèèjì, mo tún wọ̀n wọ́n. Ìkarùn-ún kò kúrò lójú kan. Ìkẹfà gun 115. Ọ́ìlì tó bá gbé òǹkà sókè ń sọ pé ríǹgì ara písítìnì tàbí ògiri sílíńdà náà ní àìsàn tirẹ̀. Bí mo bá ti sáré ṣí tọ́ọ̀pù láìwọ̀n, mi ò bá pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì kẹrin, kí n sì dá mọ́tò náà padà sí ojú ọ̀nà.

Nígbà tó di ọ̀sán, a ti tú iwájú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ rí i: “Ọ̀gá, ẹ wo inú wọ́tà pọ́ǹpù.” Abẹ̀bẹ̀ tó ń ti omi nínú pọ́ǹpù náà, ike ni wọ́n fi ṣe é láti ilé iṣẹ́. Ó ti gbẹ, ó ti kán, eyín mẹ́ta péré ló kù lára rẹ̀. Bẹ́líìtì ń yí pọ́ǹpù, omi kò lọ síbì kankan. Ilé tẹ́mọ́sítáàtì, ike náà ni, ó ti sán ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù dí i. Nígbà tí mo ṣí i, kò sí tẹ́mọ́sítáàtì, fáàfù tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná tó, nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Ó ti di bárakú lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa pé bí mọ́tò bá ti ń gbóná, ká yọ tẹ́mọ́sítáàtì sọnù, ká sì pọn omi ẹ̀rọ sínú rádíétọ̀. Láìsí tẹ́mọ́sítáàtì, ẹ́ńjìnì kì í gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ lójú ọ̀nà títì. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ á máa rò pé òwúrọ̀ ló ṣì jẹ́, á máa da epo lé epo, epo náà á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà. Omi lásán náà tún ní iṣẹ́ ibi tirẹ̀. Irin àti àlúmíníọ̀mù tó bá jọ ń mu omi kan náà láìsí oògùn ìpata nínú rẹ̀, àlúmíníọ̀mù ni yóò jẹ ìyà. Omi tó jáde nínú mọ́tò yìí pupa bí omi ilẹ̀ amọ̀.

Orí bẹ́ǹṣì

Tọ́ọ̀pù ti wà nílẹ̀. Mo fọ ojú rẹ̀, mo gbé irin títọ́ lé e láti igun dé igun, mo sì ń ki ewé ìwọ̀n bọ abẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ewé mìlímítà 0.05 wọlé. 0.10 wọlé. 0.20 wọlé láàárín ìkarùn-ún àti ìkẹfà, ó sì há díẹ̀. Ibẹ̀ náà ni gáskẹ́ẹ̀tì ti jó dúdú.

Ẹ bá mi wo bí ibẹ̀ ṣe rí. Láti àárín sílíńdà kan sí àárín èkejì nínú M50, mìlímítà 91 ni. Ihò sílíńdà fúnra rẹ̀ jẹ́ 84. Irin tó kù láàárín ihò méjì kò ju mìlímítà méje lọ, orí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn sì ni gáskẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ti dá iná dúró ní ọ̀tún àti ní òsì. Iwájú ni pọ́ǹpù omi wà. Ìkẹfà ló jìnnà sí i jù. Bí omi bá ti dẹ́kun rírìn dáadáa, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ máa ń gbóná, tọ́ọ̀pù á tẹ̀ níbẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọ́n bá sì fi lé e kò ní rí ibi tí yóò jókòó sí.

Mo ki gééjì ihò bọ inú sílíńdà. Márùn-ún àkọ́kọ́ dára, kò sí èyí tó ti ju 0.03 lọ. Ògiri ìkẹfà rí bí ibi tí ológbò ti fi èékánná ya, ìlà mẹ́rin gùn láti òkè délẹ̀, èékánná mi sì ń kọ́ ọ. Mo jókòó sórí táyà kan, mo ń wò ó. Búlọ́ọ̀kù irin ni, a lè gbá silíìfù (ògiri irin tuntun tó rí bí páìpù) sí ẹyọ ìkẹfà, ká sì dá a padà sí 84. Bí mo bá sì ti máa ṣe tó báyìí, kí ló dé tí mi ò ní fi kún agbára rẹ̀?

Ládìpọ̀

Àwọn tó mọ BMW dáadáa mọ ọ̀nà kan tí kò nílò rírẹ́ nǹkan kan. M52B28 tó wà nínú 328i àti 528i, ihò rẹ̀ jẹ́ 84 bíi ti M50, ṣùgbọ́n ìrìn písítìnì rẹ̀ jẹ́ 84 dípò 75. Ojú bẹ́ríìnì ńlá kiráǹkì (ọ̀pá tí písítìnì ń yí) méjèèjì jẹ́ 60, ti kọ́nrọ́ọ̀dù (irin tó so písítìnì mọ́ ọn) jẹ́ 45. Bí a bá gbé kiráǹkì, kọ́nrọ́ọ̀dù àti písítìnì M52B28 sínú búlọ́ọ̀kù M50, lítà 2.5 á di 2.8 gẹ́lẹ́, 2793 ni ìṣirò rẹ̀ bí mo ṣe ṣe é. Mánífóòlù ìfafẹ́fẹ́ M50 tún fẹ̀ ju ti M52 lọ. Àwọn tó ni M52 gan-an máa ń wá ti M50 kiri láti fi sórí tiwọn, tèmi sì ti wà lórí ẹ́ńjìnì.

Mo lọ sí Ládìpọ̀, ní Múṣin. Mo rí M52B28 mẹ́ta tó wá láti Bẹ́ljíọ̀mù lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ń ta ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi tààrà pé òun ò lè fi í dánilójú, pé ẹni tó kọ́kọ́ rà á dá a padà nítorí kò gba agbára. Mo ní kó ṣí púlọ́ọ̀gì, mo tan iná kékeré sínú. Ògiri sílíńdà ìkejì àti ìkẹta ń dán bíi dígí ní apá kan, kò sí ìlà họ́ọ̀nù (ìlà wẹ́wẹ́ tó ń mú ọ́ìlì dúró) kankan níbẹ̀ mọ́. Mo mọ ohun tó ṣe é.

M52 tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù nígbà náà, àlúmíníọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ohun tí wọ́n sì fi bo ògiri sílíńdà ni Nikasil, níkẹ́ẹ̀lì tí wọ́n po mọ́ nǹkan líle bí òkúta. Ó le, ó fúyẹ́, ọ̀tá kan ṣoṣo ló ní: imí ọjọ́ inú epo. Imí ọjọ́ máa ń jẹ Nikasil, ìfúnpọ̀ á sì máa lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ni BMW nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jìyà rẹ̀ nígbà náà. BMW fúnra wọn padà sí silíìfù irin nígbà tí wọ́n gbé M52TU jáde ní 1998, búlọ́ọ̀kù irin sì ni wọ́n ti ń fi M52 ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀. Epo tí a ti ń rà nílẹ̀ yìí látọdúnmọ́dún, a ò lè búra fún imí ọjọ́ inú rẹ̀. Fún ìdí yìí, mi ò ní gbé odindi M52 Yúróòpù sínú mọ́tò tí yóò máa mu epo wa. Búlọ́ọ̀kù tó ti kú yẹn kò wúlò fún mi, ṣùgbọ́n imí ọjọ́ kò fọwọ́ kan kiráǹkì. Iye kílò àlúmíníọ̀mù la fi dúnàádúrà, a sì gbé e sẹ́yìn bọ́ọ̀sì.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo tú u, mo wọn ojú kiráǹkì pẹ̀lú máíkírómítà ní ọ̀nà méjì méjì. Ó mọ́lẹ̀ kedere, kò sí èyí tó ṣẹ́. Mo pa kọ́nrọ́ọ̀dù àti písítìnì rẹ̀ mọ́, mo ra ríǹgì tuntun tó bá ògiri irin mu, nítorí ríǹgì tó ti bá Nikasil rìn kò yẹ kó tún fara kan irin.

Lọ́dọ̀ Bàbá Lẹ́ẹ̀dì

Àwọn àgbà tó ń fi ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀dì ṣiṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ Àràròmí, ní Géètì, pọ̀, àmọ́ ẹni kan ni mò ń gbé ẹ́ńjìnì lọ bá. Nígbà tí mo sọ pé kí wọ́n bá mi sìkíìmù tọ́ọ̀pù, kí wọ́n gé ojú rẹ̀ kó lè tẹ́, wọ́n ní, “Gbé e kalẹ̀ ná. Ṣé o ti rí i pé kò sán?” Mo ní mi ò tíì fi afẹ́fẹ́ dán an wò. Wọ́n kàn wò mí. Wọ́n fi rọ́bà àti páńńda dí gbogbo ojú omi rẹ̀, wọ́n ti afẹ́fẹ́ sí i, wọ́n sì rì í sínú agbada omi gbígbóná. A jọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, a ń wò. Kò hó níbì kankan lára fáàfù, èyí tí mò ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ní etí ihò omi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹfà, afẹ́fẹ́ ń jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹyin ẹja. Ìpata omi lásán ti jẹ etí ihò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí òrùka iná gáskẹ́ẹ̀tì ń jókòó sí.

Wọ́n jó o ní wẹ́ldì àlúmíníọ̀mù, wọ́n jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó gé ojú rẹ̀. Gíga tọ́ọ̀pù M50 tuntun jẹ́ mìlímítà 140, a ò sì gbọdọ̀ gé e kọjá 139.7. Kò sẹ́ni tó mọ iye tí àwọn tó ti ṣí i tẹ́lẹ̀ ti gé. Bàbá wọ̀n ọ́n: 139.96. Wọ́n gé e ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, díẹ̀díẹ̀, títí tí kò fi sí òjìji mọ́, wọ́n sì dúró ní 139.74. Gáskẹ́ẹ̀tì tó nípọn sí i ní 0.3 wà fún irú tọ́ọ̀pù tí wọ́n ti gé bẹ́ẹ̀, òun ni mo rà.

Wọ́n gbá silíìfù sí ìkẹfà, wọ́n fi họ́ọ̀nù fa ìlà sí gbogbo sílíńdà, wọ́n sì tẹ̀lé ìwọ̀n písítìnì kọ̀ọ̀kan tí mo kó wá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pààrọ̀ síìlì fáàfù 24 lọ́wọ́ kan náà. Kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀.

Àtòpọ̀

Kiráǹkì wọlé sínú bẹ́ríìnì tuntun. Mo gbé okùn ike tí wọ́n fi ń wọn àyè sórí ojú kọ̀ọ̀kan, mo de ìbòrí rẹ̀, mo tún tú u, mo sì fi bí okùn náà ṣe fẹ̀ tó wé páálí rẹ̀: 0.04 níbi gbogbo. Àyè ríǹgì òkè jẹ́ 0.35. Ọfà orí písítìnì kọjú síwájú.

Nǹkan kan wà tí mo bẹ ẹni tó bá ṣí M50 láti má fò: nọ́ọ̀tì tó de eyín ṣéènì mọ́ ọ̀pá pọ́ǹpù ọ́ìlì. Òsì la ń yí i sí kó tó dì, a sì mọ̀ ọ́n dáadáa pé ó máa ń tú fúnra rẹ̀ lórí eré. Bó bá tú, ọ́ìlì kò ní gòkè mọ́, ẹ́ńjìnì á sì nọ́ọ̀kì láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo fọ eyín rẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù tó ń mú bóòtù dúró sí i, mo sì lu ihò kékeré kan, mo fi wáyà so ó.

Bóòtù tọ́ọ̀pù jẹ́ 14. A ò gbọdọ̀ lo èyí tí a bá yọ mọ́, nítorí wọ́n máa ń nà bí a bá ti dè wọ́n. Ihò tí wọ́n ń wọ̀ sí nínú búlọ́ọ̀kù ló gba ìdajì ọjọ́ mi. Ihò tí omi tàbí ọ́ìlì bá wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, bóòtù á bá omi jà kó tó dé ibi tó yẹ. Sípánà á sọ pé ó ti dì, irin kò sì tíì dì mọ́ irin. Ó tún lè la búlọ́ọ̀kù. Mo fi abẹ́rẹ́ ìṣègùn fa ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ, mo fi àkísà wé irin tẹ́ẹ́rẹ́, mo tì í bọ̀ ọ́, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Nínú ihò kẹsàn-án, àkísà mú nǹkan pupa jáde lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó funfun. Mo rò ó pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú gáskẹ́ẹ̀tì mẹ́ta yẹn ti kú nínú ihò yìí.

Mo tẹ̀lé ètò rẹ̀: Nm 30 (ìwọ̀n agbára tí a fi ń de bóòtù) láti àárín jáde, lẹ́yìn náà digíríì 90, lẹ́yìn náà 90 mìíràn. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń fi pẹ́ńtì funfun sàmì orí bóòtù tí mo bá ti yí.

Kámù ní ìlànà tirẹ̀. Ìdajì yíyí lẹ́ẹ̀kan, láti ọ̀kan sí èkejì, títí tí gbogbo ìbòrí á fi jókòó. Ẹni tó bá kánjú á ṣẹ́ ẹ. Ọ́ìlì ló sì ń ti tápẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín kámù àti fáàfù, nítorí náà lẹ́yìn tí kámù bá ti dì, ó yẹ kí a fún un láyè kí tápẹ́ẹ̀tì sọ̀ kalẹ̀ kí a tó yí kiráǹkì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fáàfù tó ṣì ṣí á fara kan písítìnì. Mo fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìwé rẹ̀ kò béèrè tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ń jẹ iyán lọ́wọ́.

Omi ni mo náwó lé lórí jù nínú àtúnṣe yìí. Pọ́ǹpù oníbẹ̀bẹ̀ irin, ilé tẹ́mọ́sítáàtì àlúmíníọ̀mù, tẹ́mọ́sítáàtì tuntun, rádíétọ̀ tuntun, rọ́bà tuntun, oògùn ìtura aláwọ̀ búlúù ìdajì pẹ̀lú omi bátìrì ìdajì. Mo fi gééjì ìgbóná àti ti ọ́ìlì tó ń sọ òǹkà gidi sí ẹ̀gbẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Abẹ́rẹ́ tó wà nínú mọ́tò tẹ́lẹ̀ máa ń dúró láàárín títí ọ̀rọ̀ á fi bọ́ sórí.

Ìṣínà

Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo kíìkì rẹ̀ láìsí epo títí gééjì ọ́ìlì fi gun 3. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà, mo ṣíná. Ó gbà lẹ́ẹ̀kejì. Tápẹ́ẹ̀tì ń pariwo bí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹsẹ̀ kan kò sì ṣiṣẹ́, ẹ́ńjìnì ń gbọ̀n. Ọmọ iṣẹ́ mi fọwọ́ kan àsopọ̀ kọ́ìlì kẹta, kò tíì wọlé tán. Bó ṣe dún kẹ́ẹ̀ báyìí, ìgbọ̀n náà dá. Nígbà tó fi pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tápẹ́ẹ̀tì ti dákẹ́. Mo gbé ìgò omi sórí ìbòrí fáàfù. Ojú omi náà ń wárìrì díẹ̀, kò mì.

A gbé iwájú mọ́tò sókè, mo ṣí híítà sí gbígbóná, mo tú sìkúrù ìtúfẹ́fẹ́ díẹ̀, mo sì ń rọ omi títí afẹ́fẹ́ fi tán. Èyí gba sùúrù. Mọ́tò yìí máa ń gbé afẹ́fẹ́ pamọ́ sí ẹ̀yìn, lẹ́bàá ìkẹfà gan-an.

Kìlómítà 500 àkọ́kọ́, mi ò gbé e kọjá 3500 lórí gééjì tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnì, mi ò sì jẹ́ kó dúró lórí ìwọ̀n eré kan pẹ́. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì, mo la fílítà rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sínú oòrùn. Mo rí eruku irin tín-ínrín tí mo retí láti ara ríǹgì tuntun, kò sí ègé bẹ́ríìnì kankan.

Ìpéye epo rẹ̀ ló kù. Mítà afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń rí i pé afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti pọ̀ sí i, ó sì ń fi epo kún un, ṣùgbọ́n nígbà tí asẹ́lérétọ̀ bá dé ìsàlẹ̀, iye tí wọ́n kọ sínú chip kọ̀ǹpútà náà, ti lítà 2.5 ni. Chip náà ṣeé fà yọ, ṣeé tún kọ. Títí tí n ó fi rí ẹni tí yóò kọ ọ́ pẹ̀lú ohun ìwọ̀n èéfín lára ẹ̀gsọ́ọ̀sì, mi ò ní tẹ̀ ẹ́ délẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà á lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ gba Ọ̀yọ́, mo sì padà lọ́jọ́ kan náà, ọ̀sán gangan, ẹ̀ẹ́sì títàn. Ní ibi tí ọ̀nà ti gòkè, tí mo máa ń bọ́ sí jíà kẹta tẹ́lẹ̀, ó fi jíà kẹrin gùn ún. Gééjì ìgbóná gun 94 lẹ́ẹ̀kan nínú gòsíló Mókọ́lá, fáànù tàn, ó padà sí 89. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó ti tutù pátápátá, mo ṣí ìdérí omi rẹ̀. Búlúù ló ṣì wà, lójú ìlà tí mo fi pẹ́ńtì fà sí ara rẹ̀ ní oṣù tó kọjá.